4294967297: ìdánwò ní práìmù ni, 641 sì ń pín in. Èwo ni ká gbà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ìṣirò. Nọ́mbà odidi kan ni mo gbé wá, 4294967297, ìyẹn 2^32 + 1. N ni mo máa pè é. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá práìmù ni, bóyá kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀.

Ìdánwò tí mo lò ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Bí N bá jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ, tí a fi N pín 2^(N−1), 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Python gbé 1 jáde. Mo kọ ọ́ ní C pẹ̀lú uint64_t, irú nọ́mbà oníbíìtì 64 tí kì í gba òdì, 0 ló gbé jáde. Mo tún lo unsigned int, N fúnra rẹ̀ ti di 1 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀, mo rí i kà pé 641 pín in.

Èwo ni òótọ́ nínú gbogbo èyí, kí ló sì ṣe àwọn yòókù? Mo tún fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè fi bírò àti ìwé dé orí 641. Práìmù 115 ló ṣáájú rẹ̀. Ṣé gbogbo wọn lèèyàn máa dán wò ni?

Tíṣà_Àgbà

Àbúrò, 641 ló jàre. 4294967297 = 641 × 6700417. Má gbà á lẹ́nu mi lásán: 6700417 lọ́nà 600 jẹ́ 4020250200, lọ́nà 41 ó jẹ́ 274717097, ro méjèèjì pọ̀, o ti bá N pàdé.

Ọ̀nà míì wà tí kò ní í jẹ́ kó o fọwọ́ kan nọ́mbà ńlá rárá. Ṣé o mọ bí a ṣe ń pe 19 ní mọ́kàndínlógún, ogún ó dín kan? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó o máa pe ìyókù tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Tí a bá fi 641 pín nǹkan tí 640 ṣẹ́kù, má pè é ní 640, pè é ní dín 1. Èyí máa dín iṣẹ́ kù gan-an, torí dín 1 lọ́nà dín 1 jẹ́ 1.

Ó yá. 2^8 jẹ́ 256. 2^16 jẹ́ 256 lọ́nà 256, ìyẹn 65536. 641 lọ́nà 102 jẹ́ 65382. Yọ ọ́ kúrò nínú 65536, 154 ló kù. Nítorí náà, lójú 641, 2^32 kò yàtọ̀ sí 154 lọ́nà 154, ìyẹn 23716. Wàyí o, 641 lọ́nà 37 jẹ́ 23717. Dín 1! Fi 1 tó wà nínú 2^32 + 1 kún un, ó pé, kò ṣẹ́kù rárá.

Ká padà sí Python. 1 tó gbé jáde kì í ṣe àṣìṣe. Ìwọ lo gbà á sí ohun tí kò sọ. Apá kan ṣoṣo ni ìdánwò yẹn ń gé: tí ohun tó ṣẹ́kù kì í bá ṣe 1, N kì í ṣe práìmù, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá jẹ́ 1, kò tíì sí ìdájọ́ kankan. Ní ti N yìí, ìrísí rẹ̀ ló jẹ́ kó yege. N jẹ́ 2^32 + 1, torí náà lójú N, 2^32 jẹ́ dín 1. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 2^64 di 1. N − 1 sì jẹ́ 2^32, tó jẹ́ 64 lọ́nà 67108864. Tí 2^64 bá ti jẹ́ 1, 1 lọ́nà ara rẹ̀ ní ìgbà 67108864 ṣì jẹ́ 1. Gbogbo nọ́mbà tó bá ní ìrísí 2^(2^n) + 1 ló máa yege báyìí, práìmù o, kì í ṣe práìmù o. Àní ìdánwò Miller–Rabin tó le ju èyí lọ, tó bá jẹ́ 2 lo fi ṣe é, N á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú, torí ó máa rí dín 1 tó ń wá lójú ọ̀nà.

Fi 3 rọ́pò 2. Ohun tó máa ṣẹ́kù nínú 3^(2^32) ni 3029026160, kì í ṣe 1. Pépin, onímọ̀ ìṣirò kan, tiẹ̀ fi hàn ní 1877 pé fún irú àwọn nọ́mbà yìí, láti orí 5 lọ sókè, o ò nílò ju 3 lọ: práìmù ni N bí 3^((N−1)/2) bá jẹ́ dín 1, kì í sì í ṣe práìmù bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Apá méjèèjì ni ìdánwò yìí ń gé. Fún tiwa, 3 ni kó o mú, kó o sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kó o fi N pín in, kó o mú ìyókù, kó o tún un ṣe títí yóò fi di ìgbà 31. Tó bá jẹ́ práìmù, 4294967296 lo máa bá níparí. 10324303 ni wàá bá. Ó parí. Àmọ́ Pépin kò ní í sọ olùpín kankan fún ẹ. Á kàn sọ pé ó wà ni.

Ọmọ_Kóòdù

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti C, torí 0 yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ.

Nígbà tí ètò yẹn ń sọ 2 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ohun tó ń gbà kọjá nìyí: 2, 4, 16, 256, 65536, 4294967296. Ìkẹfà yìí ni dín 1 tí Tíṣà wí. Ìsọdipúpọ̀ tó kàn ni 4294967296 lọ́nà ara rẹ̀, tó jẹ́ 2^64 géérégé. Ibi tí uint64_t lè gbé dé ni 2^64 − 1. Ẹyọ 1 péré ló fi ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà da gbogbo rẹ̀ nù, 0 ló kù sọ́wọ́. Láti ibẹ̀, 0 lọ́nà 0 ni títí dé òpin. Ètò yín wá ń sọ pé kì í ṣe práìmù. Ìdáhùn yẹn bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ má gbára lé e.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn N yìí fún ìdánwò ètò ni pé, nínú gbogbo ìyókù tó ṣeé ṣe, láti 0 títí dé 4294967296, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ló ń fọ́ uint64_t. Èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, 4294967295, bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó ṣì wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò pẹ̀lú 3 fi ń lọ dáadáa nínú uint64_t: kò bá dín 1 pàdé rárá. Ká ní ó bá a pàdé ni, 1 ni ì bá tẹ̀ lé e, 1 náà ni ì bá sì wà títí dé òpin, bẹ́ẹ̀ 3029026160 la bá níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún int64_t, èyí tó ń gba nọ́mbà òdì. 2^63 − 1 ni òkè rẹ̀, nítorí náà ìyókù èyíkéyìí tó bá ju 3037000499 lọ máa kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ GCC, ètò tó ń túmọ̀ C fún ẹ̀rọ, lẹ̀ ń lò, ẹ fi unsigned __int128 gbé ìsọdipúpọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó fi N pín. Ní ti unsigned int, bíìtì 32 ló ní lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. 4294967295 ni òkè rẹ̀. 4294967296 di 0 níbẹ̀, N sì di 1.

Ní Python, pow(3, 2**32, N) ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú nǹkan mẹ́ta nínú àkámọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ 3**(2**32) % N, ó máa kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ gbogbo 3^(2^32) sílẹ̀, nọ́mbà tí iye díjíìtì rẹ̀ ju bílíọ̀nù 2 lọ. Ẹ̀rọ á kàn dákú síbẹ̀. Excel náà kò ṣeé lò fún èyí: díjíìtì 15 ló ń tọ́jú, ìsọdipúpọ̀ wa sì lè tó díjíìtì 20. Àwọn tó gbẹ̀yìn á ti di òdo, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ni ìyókù ń dúró lé.

Ìyá_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká dé orí 641 fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni adùn nọ́mbà yìí wà lójú tèmi. Àwọn kan máa ń sọ pé oríire ni Euler, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, fi rí i. Kì í ṣe oríire rárá.

Fermat, ará Faransé, ló gbé irú àwọn nọ́mbà yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 1640. Márùn-ún àkọ́kọ́ ni 3, 5, 17, 257 àti 65537, gbogbo wọn ló sì jẹ́ práìmù. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ. Goldbach, onímọ̀ ìṣirò míì, kọ lẹ́tà sí Euler nípa rẹ̀ ní 1729. Nígbà tó di 1732, Euler fi hàn pé ìkẹfà, 4294967297, kì í ṣe práìmù.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nìyí. Ká ní p jẹ́ práìmù kan tó pín N. Lójú p, 2^32 jẹ́ dín 1, 2^64 sì jẹ́ 1. Ká wá béèrè pé: bí a bá ń gun orí 2^1, 2^2, 2^3 lọ, orí èwo ni 1 ti máa kọ́kọ́ yọjú? Ipò yẹn gbọ́dọ̀ pín 64 láìṣẹ́kù. Kò lè jẹ́ 32, kò sì lè jẹ́ ohunkóhun tó pín 32, torí dín 1 la bá ní 2^32, a ò bá 1. Nítorí náà 64 gan-an ni. Ṣùgbọ́n p jẹ́ práìmù, 2^(p−1) sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 lójú rẹ̀, èyí kan náà tí Akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe ìdánwò. 64 gbọ́dọ̀ pín p − 1 nígbà náà. Gbogbo práìmù tó bá pín N ló ní ìrísí 64k + 1.

Ẹ wá kà wọ́n: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Àwọn tó jẹ́ práìmù níbẹ̀ ni 193, 257, 449, 577 àti 641. Ìkarùn-ún ló ṣí ilẹ̀kùn. Práìmù 115 yẹn ti di mẹ́rin.

Lucas, onímọ̀ ìṣirò míì, wá tún un ṣe ní 1878 pé kì í ṣe 64, 128 ni. Nígbà náà, 129, 257, 385, 513, 641 ló kù, práìmù méjì péré sì ló wà níbẹ̀, 257 àti 641. 257 kò sì yẹ ká dán wò rárá, torí 4294967295 jẹ́ 3 × 5 × 17 × 257 × 65537, N sì fi 2 jù ú lọ. Bẹ́ ẹ bá fi 257 pín N, 2 ló máa kù dandan. Ẹ ti dé orí 641 ní ìgbìyànjú kìíní: ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógójì, nọ́mbà tí ọmọdé tó mọ ìsọdipúpọ̀ lè gbé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ti 64 yé mi. 128 yẹn ni kò tíì yé mi, ibo ni Lucas ti rí i? Ṣé a tún lè mọ̀ dájú pé 6700417 fúnra rẹ̀ kò tún pín sí wẹ́wẹ́?

Ìyá_Ìṣirò

Ẹ mú 2^24 kí ẹ yọ 2^8 kúrò nínú rẹ̀: 16777216 dín 256, ó ku 16776960. Ẹ pè é ní x. Ẹ sọ x di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ohun tó máa jáde ni 2^48 + 2^16, ká yọ 2 × 2^32 kúrò. Apá àkọ́kọ́, 2^48 + 2^16, jẹ́ 2^16 lọ́nà (2^32 + 1). N ló wà nínú rẹ̀ yẹn, kò ṣẹ́kù nǹkan kan. Apá kejì ń yọ 2 lọ́nà 2^32 kúrò, bẹ́ẹ̀ 2^32 jẹ́ dín 1. Ẹ yọ dín 2 kúrò, 2 lẹ ní lọ́wọ́. Nítorí náà x lọ́nà x jẹ́ 2 lójú N, ó sì jẹ́ 2 lójú gbogbo práìmù tó bá pín N.

Ẹ tún àlàyé àná ṣe pẹ̀lú x dípò 2. x^64 jẹ́ 2^32, ìyẹn dín 1. x^128 jẹ́ 1. Kò lè di 1 ṣáájú ibẹ̀, fún ìdí kan náà. 128 ló gbọ́dọ̀ pín p − 1.

Ní ti 6700417, 2588 lọ́nà ara rẹ̀ kò tó o, 2589 lọ́nà ara rẹ̀ sì jù ú lọ. Bó bá pín, práìmù kan tí kò ju 2588 lọ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Práìmù yẹn máa pín N náà, nítorí náà ìrísí 128k + 1 ló gbọ́dọ̀ ní. Láàárín 1 sí 2588, àwọn tó ní ìrísí yẹn tí wọ́n sì jẹ́ práìmù kò ju márùn-ún lọ. Ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a fi wọ́n pín 6700417 nìyí:

257: 170 ló kù
641: 44
769: 120
1153: 334
1409: 622

Kò sí òdo kankan. Práìmù ni 6700417. Ó sì pa ìrísí rẹ̀ mọ́: 128 × 52347 + 1. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n á fo 641 torí pé wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fò ó, torí práìmù kan lè pín nọ́mbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dẹ_Olùpín

Ọ̀nà míì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ wo N bí àròpọ̀ nọ́mbà méjì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn:

65536^2 + 1^2 = 4294967296 + 1
62264^2 + 20449^2 = 3876805696 + 418161601

Méjèèjì fún wa ní 4294967297. Práìmù kì í ní ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ láti fi rí báyìí. Bí nọ́mbà bá ti ní ọ̀nà méjì, kì í ṣe práìmù, a sì lè fa àwọn olùpín rẹ̀ yọ láti inú ọ̀nà méjèèjì. Euler ló kọ́ wa ní èyí náà.

Bí a ṣe ń fà á yọ: ẹ yọ àwọn tó jọ ara wọn kúrò nínú ara wọn. 65536 dín 62264 ku 3272. 20449 dín 1 ku 20448. Nọ́mbà tó tóbi jù lọ tó pín méjèèjì ni 8. Ẹ wá rò wọ́n pọ̀ dípò kẹ́ ẹ yọ: 65536 àti 62264 jẹ́ 127800; 20449 àti 1 jẹ́ 20450. Èyí tó tóbi jù lọ tó pín àwọn yìí ni 50. Ẹ gé 8 àti 50 sí méjì, ẹ ní 4 àti 25. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 641. Olùpín kejì náà wà níbẹ̀: 3272 pín sí 8 jẹ́ 409, 20448 pín sí 8 jẹ́ 2556, 409^2 + 2556^2 sì jẹ́ 167281 + 6533136, ìyẹn 6700417.

Àléébù rẹ̀ ni pé wíwá ọ̀nà kejì yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ máa yọ 2^2, 3^2, 4^2 kúrò nínú N lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wò bóyá ohun tó kù jẹ́ nọ́mbà kan lọ́nà ara rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé 20449, ọwọ́ á ti rẹ̀ yín. Fún wíwá olùpín, 128k + 1 ti Ìyá_Ìṣirò ló yá.

641 jẹ́ 5^4 + 2^4, ó tún jẹ́ 5 × 2^7 + 1. Ìrísí méjèèjì yìí tó láti fi hàn pé ó pín N, láìṣe ìsọdipúpọ̀ ńlá kankan. Lójú 641, 5 × 2^7 jẹ́ dín 1. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin: 5^4 × 2^28 di 1. Ṣùgbọ́n 5^4 jẹ́ 641 dín 2^4. Ẹ fi dín 2^4 rọ́pò rẹ̀: dín 2^32 jẹ́ 1, torí náà 2^32 jẹ́ dín 1.

Tíṣà_Àgbà

Ọ̀dẹ, o kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá nílò rẹ̀: olùpín mẹ́rin péré ni N ní, 1, 641, 6700417 àti òun fúnra rẹ̀, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 4301668356. Láàárín 1 sí N, àwọn tí kò ní olùpín kankan pọ̀ mọ́ N yàtọ̀ sí 1 jẹ́ 640 × 6700416, ìyẹn 4288266240.

4294967295 tí Ìyá_Ìṣirò mẹ́nu kàn náà kì í ṣe ẹgbẹ́ nọ́mbà lásán. Iṣẹ́ tí Gauss bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1796, nígbà tó rí i pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì ya àwòrán onígun 17 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ló gbé e jáde. Nínú àwọn iye ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣeé pín sí méjì, èyí tó tóbi jù tí a mọ̀ pé ó ṣeé yà báyìí ni 4294967295, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65537 nìkan ni práìmù Fermat tí a tíì rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi 3 rọ́pò 2, 3029026160 ló jáde nínú Python àti C. Bí mo bá fẹ́ ṣe ti ìkeje, 2^64 + 1, ṣé 128 náà ni mo máa lò?

Ìyá_Ìṣirò

Rárá, 256 ni fún ìyẹn, torí 2^64 ló jẹ́ dín 1 níbẹ̀, 2^128 ló sì jẹ́ 1. x tirẹ̀ ni 2^48 − 2^16. Ẹ máa wá 256k + 1. Kò ní í tètè bọ́ sí i bíi ti 641 o. Landry, onímọ̀ ìṣirò kan, kéde rẹ̀ ní 1880: 274177, ìyẹn k = 1071. Olùpín kejì ni 67280421310721. Ẹ ránti pé 2^64 + 1 ti ju uint64_t lọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí náà ẹ má kọ N sílẹ̀ nínú C. Olùpín tí ẹ ń dán wò ni kẹ́ ẹ gbé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa fi 256k + 1 pín in ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ wá wò bóyá 256k gan-an ló kù.